Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: Oko Ìdílé Tó Di Mùsíọ́ọ̀mù, Tí Wọ́n Ṣì Ń Ro

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Nígbà kan mo kọ nǹkan ráńpẹ́ síbí nípa àwọn oko àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ aṣọ ayé àtijọ́ ṣiṣẹ́ oko, ká sòótọ́ mo rò pé kò sẹ́ni tó máa kà á, àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Mo gé àwọn tó gùn, mo sì yọ orúkọ kúrò, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí wà nínú ẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Florida ni èmi àti ọkọ mi àtàwọn ọmọ ń gbé. Sátidé kan la gbé àwọn ọmọ lọ sí oko kan tí wọ́n ń pè ní Dudley Farm, lẹ́bàá ìlú Newberry, wọ́n ní mùsíọ́ọ̀mù ni. Mo ti ń retí gíláàsì àti "ẹ má fọwọ́ kàn án", àfi bá a ṣe débẹ̀ tí mo rí obìnrin òyìnbó kan tó wọ gáùn gígùn bíi tàwọn ìyá ìjọ ayé ọjọ́un, tó ń gbá iyanrìn àgbàlá, tòlótòló ń ké, èéfín ń jáde nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé. Mi ò mọ ìgbà tómi bọ́ lójú mi, ó dà bíi pé mo wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìkirè. Ta ló ni oko yìí, báwo ló ṣe dọwọ́ ìjọba, kí ló sì dé tó jọ ilé wa tó báyìí? – Ìyá Mẹ́ta, Florida

ÌDÁHÙN: Ìyá Mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kójú tì yín fún ẹkún yẹn, èmi náà ti débẹ̀ nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi lọ́hùn-ún, mi ò sunkún ṣá o, àmọ́ mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn gan-an ò wọ́pọ̀.

Orúkọ tó wà lára ẹ̀ náà ló ni ín, ìdílé Dudley. Bàbá tó tẹ oko yẹn dó, P.B.H. Dudley, South Carolina ló ti wá, ó dé agbègbè Alachua láàárín àwọn ọdún 1850, ìran mẹ́ta ló sì ro ó tẹ̀lé ara wọn títí di bí ọdún 1940 sókè. Ọmọ bàbá yìí tí wọ́n sọ lórúkọ bàbá ẹ̀ gan-an, òun àti Fannie ìyàwó ẹ̀, bí ọmọ 12. Àbígbẹ̀yìn wọn ni Myrtle, òun ló sì gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́dún 1983 ó fi ilé àti ilẹ̀ tó yí i ká ta ìpínlẹ̀ Florida lọ́rẹ, ìjọba wá fi ilẹ̀ oko tó kù kún un, ó wá jẹ́ bí éékà 325 lónìí. Myrtle fúnra ẹ̀ kú ní 1996. Nígbà tó di January 2021 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ oko náà sára àwọn ibi ìtàn tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹ wò ó, ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù nìyí: wọn ò kó ilé láti ibòmíì wá tò síbẹ̀ kó lè dà bí àtijọ́. Ilé 18 ló wà níbẹ̀, ilé gbígbé pẹ̀lú àga àti bẹ́ẹ̀dì àwọn onílé gan-an, ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀bù tó tún jẹ́ pósítófíìsì, àká, ibi tí wọ́n ń yan ẹran, ibi tí wọ́n ń se omi ìrèké. Torí pé ìdílé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wọn ò sì ń wó nǹkan kọ́ tuntun léraléra, nǹkan wọn kàn wà níbi tó wà ni. Àwọn ìyá wa tí kì í ju ike bọ́tà sọnù, ẹ ṣé o, ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ní ti pé ó jọ ilé wa, kì í ṣe ojú yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àgbàlá. Láyé àtijọ́, ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Gúúsù, wọn kì í gbin koríko síwájú ilé bí wọ́n ṣe ń ṣe báyìí, ṣe ni wọ́n máa ń tu koríko kúrò pátá, wọ́n á fi iyanrìn lásán sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe gbá a. Ó ní ìwúlò: ejò ò ní ríbi sá pamọ́ sí, iná ò ní rí nǹkan jó wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn ló sì gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibẹ̀ wà nínú àṣà yìí. Ẹni tó bá ti fi ìgbálẹ̀ fa ilà sí iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá rí láàárọ̀ kùtùkùtù, tí bàbá àgbà wá gba orí ilà yẹn kọjá tí ẹ fẹ́ẹ̀ bú u lábẹ́lẹ̀, ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ilé ìdáná náà nìyẹn. Wọ́n kọ́ ọ yàtọ̀ sí ilé torí ooru àti torí iná, ìdí kan náà tí tiwa fi máa ń wà lẹ́yìnkùlé. Ti oúnjẹ wá ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilá àti ẹ̀wà olójú dúdú tí wọ́n ń gbìn kiri Gúúsù yẹn, láti Áfíríkà ló ti lọ. Àgbàdo àti ọ̀dùnkún tí àwa ń jẹ bí ẹni pé Odùduwà ló gbé e sọ̀kalẹ̀, apá ayé tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kó o wá fún wa. Ẹ̀pà ló wá ya onírìn àjò: South America, ilẹ̀ ńlá tí Brazil wà, ló ti kọ́kọ́ wá, àwọn Potogí gbé e wá sí Áfíríkà, ọkọ̀ ẹrú tún gbé e padà sọdá òkun, àwọn àgbàlagbà kan ní Gúúsù ibẹ̀ ṣì ń pè é ní "goober" títí dòní, èdè Kongo ni wọ́n sì ti mú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ mọ̀, kí wọ́n má kàn fi ojú wo tòlótòló kí wọ́n máa bọ̀.

Tí ẹ bá tún máa lọ, ẹ lọ nígbà tọ́dún bá ń parí lọ, tí wọ́n bá ń fún ìrèké. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé wọn ni pé wọ́n á so ìbaaka mọ́ òpó gígùn kan, ìbaaka á máa yí po, òpó yẹn ló ń yí irin ńláńlá inú ẹ̀rọ tó ń fún ìrèké, ẹnì kan á jókòó sísàlẹ̀ á máa ki ìrèké bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á sì máa tẹrí ba kí òpó má lọ gbá a lórí. Omi ìrèké yẹn á wá lọ sínú agbada irin kan tó fẹ̀ tó pé ọmọdé lè wẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n á dáná sí i fún wákàtí mélòó kan, ẹnì kan á máa bu ìfófòó orí ẹ̀ dànù, kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, torí tó bá jóná díẹ̀ pére gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́. Bíi gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá omi ìrèké ló ń di gálọ́ọ̀nù kan síróòpù, ìyẹn omi dídùn tó ki bí oyin. Ẹni tó ti dúró ti ẹ̀kọ rí, tàbí tó ti yan gàárì títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, á mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ò ṣeé fi ìwé kọ́ni. Ohun tí wọ́n ń pa mọ́ níbẹ̀ gan-an nìyẹn: ìmọ̀ ẹni tó ń wo àwọ̀ omi ìrèké tó sì mọ̀ pé ó ti tó ó sọ. Ilé ò ṣòroó tọ́jú, ẹ̀ẹ́ kùn ún lọ́dà ó tán.

ÌBÉÈRÈ: Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nígbà yẹn, inú sì bí mi. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ jókòó ẹ ń yin oko àwọn tó kó bàbá ńlá àwọn kan lẹ́rú. Ta ló ro oko yẹn? Ṣé àwọn tó wọ gáùn yẹn ni? – Ọmọ Aláìgbàgbé, Manchester

ÌDÁHÙN: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bínú dáadáa, mi ò ní bá yín jiyàn. Bàbá tó dá oko Dudley sílẹ̀ kó ẹrú, àwọn ẹrú yẹn ló sì la igbó ibẹ̀. Wọ́n ń ṣe é lọ títí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fi parí. Ní Florida, May 20, 1865 ni wọ́n ka ìkéde òmìnira ní Tallahassee, ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn dúdú ìpínlẹ̀ yẹn sì ń ṣàjọ̀dún òmìnira tiwọn títí dòní, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹfà ni àwọn ará Texas ń ṣe tiwọn. Òwú ló gbé oko bẹ́ẹ̀ ró láyé ìgbà yẹn, kòkòrò tó ń jẹ òwú sì wọ Florida ní àwọn ọdún 1910, ó ba ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ́, wọ́n wá gbájú mọ́ oríṣiríṣi nǹkan mìíràn.

Torí náà, ẹni tó bá lọ sí irú oko bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yín yẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló ṣiṣẹ́ yìí? Tí ẹni tó ń mú yín kiri bá rí i dá lóhùn dáadáa, ẹ máa tẹ̀ lé e lọ. Tó bá ń sọ̀rọ̀ rósì àti àga onígi fún wákàtí kan tí kò mẹ́nu ba àwọn yẹn rárá, ẹ wá sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo èèyàn, ó ṣe pàtàkì. Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n sì ń gbà ṣe é lọ́hùn-ún. Oko kan wà ní Louisiana, Whitney Plantation ni orúkọ ẹ̀, wọ́n ṣí i fáráyé ní 2014, ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tiwọn, orúkọ wọn lẹ máa kà lára ògiri kẹ́ ẹ tó gbọ́ nǹkan kan nípa olówó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fọ̀rọ̀ yìí fà yín létí náà díẹ̀. Ìbàdàn ti Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kú ní 1874, ẹ rò pé àwọn wo ló ń ro àwọn oko ńláńlá ìyá yẹn? Ẹrú ni, rẹpẹtẹ. Àwọn ológun ìgbà yẹn náà ńkọ́? Nígbà tí ẹrú sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìwọ̀fà ṣì wà: ẹni tó yáwó á fi ọmọ ẹ̀ tàbí ara ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, á máa lọ ro oko olówó láràárọ̀, iṣẹ́ yẹn ò sì yọ kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè o, èlé owó lásán ni. Ìwọ̀fà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ oko kòkó dó nílẹ̀ wa, títí àwọn òyìnbó amúnisìn fi fòfin dè é. Tá a bá máa sọ oko bàbá tiwa náà di ibi ìtàn lọ́la, ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa nira, torí àwọn ọmọ ìwọ̀fà yẹn ṣì wà ládùúgbò, àwọn míì nínú wọn ti di àna wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ olóòtú, ẹ gbà mí. Bàbá bàbá wa fi oko kòkó sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, abà wà níbẹ̀, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́fà tí wọ́n fi páànù bò, kànga, àti ibi tí wọ́n ń sá kòkó. Bàbá wa ti kú, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká tà á fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sìtéètì. Èmi kà nípa oko Amẹ́ríkà yẹn, mo wá ní ká sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé àbúrò mi ń pè mí ní kúrátọ̀, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù, báyìí. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pé kó bá mi ya ère bàbá sí ẹnu ọ̀nà. – Ọmọ Olókòó, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ Olókòó, ẹ kọ́kọ́ ná, ẹ sọ fún oníṣẹ́ ère kó ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí ilẹ̀ bá lọ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Tí bàbá àgbà ò bá ṣe ìwé ìhágún, tí wọn ò sì tíì pín in, ilẹ̀ ẹbí nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín nìkan. Lábẹ́ ìlànà ilẹ̀ ẹbí tí ilé ẹjọ́ ti gbà látọjọ́ tó ti pẹ́, olórí ẹbí ò gbọ́dọ̀ dá a tà láìbá àwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ ọ́, àwọn náà ò sì lè gba ẹ̀yìn olórí ẹbí tà á. Tí bàbá àgbà bá ní ìyàwó mẹ́ta, ìdí igi mẹ́ta lẹ máa pè. Ẹ pè wọ́n pátá, pàápàá ìdí igi tẹ́ ẹ ò kí ara yín mọ́ yẹn. Ẹ wá lọ́yà, ẹ jẹ́ kí sọ́fíà ya ilẹ̀ yẹn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé sílẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tó jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe tiwọn, ìgbà tí àgbà tó jẹ́ẹ̀rí sí i kú, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó wá mú kátápílà dé lọ́jọ́ kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n yín náà, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀tá. Owó ló ń wá, ó sì jọ pé òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn kan nínú yín. Ẹ fi iye tí oko lè mú wá hàn án, torí òótọ́ kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í pariwo: owó géètì kì í bọ́ mùsíọ́ọ̀mù oko. Ẹ wo Howell Farm ní New Jersey. Obìnrin kan, Inez Howell, ló fi oko éékà 130 yẹn sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ Mercer County ní 1974, ní ìrántí ọkọ ẹ̀ tó ti jẹ́ aṣòfin nígbà kan. Ìgbà wo ni ẹ rò pé wọ́n ṣí i fáráyé? 1984! Ọdún mẹ́wàá gbáko, ìjọba ìbílẹ̀ tó lówó sì ni o. Títí dòní, owó ìjọba ìbílẹ̀ yẹn ló gbé e ró, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó. Ẹ̀yin wá jẹ́ kí kòkó máa san owó tiẹ̀. Ẹ máa já a, ẹ máa tà á, kí ibi tí àlejò máa wò jẹ́ igun kan péré níbẹ̀, ibi tí abà àti ibi tí wọ́n ń sá kòkó wà yẹn ti tó.

Ohun kan tí àwọn Howell yẹn ṣe tó yé mi ni pé wọ́n mú ìgbà kan ṣoṣo, 1890 sí 1910, wọ́n ní iṣẹ́ oko bó ṣe rí nígbà yẹn làwọn máa fi han aráyé. Wọ́n ń fi ẹṣin túlẹ̀, wọ́n ń gé yìnyín láti inú omi nígbà òtútù wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sílé, wọ́n ń rẹ́ irun àgùntàn. Tẹ́ni kan bá wá gbé tírákítọ̀ tuntun dé ojú ibẹ̀, ó ti ba eré jẹ́. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ fẹ́ mú? Èmi ò bá mú àwọn ọdún 1950, nígbà tí kòkó ń tà tí páànù ń dán lórí gbogbo ilé. Ìgbà yẹn náà ni owó kòkó ń kọ́ ilé ìwé, kí Ilé Kòkó, ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní Cocoa House, tó dé sí Ìbàdàn ní 1965. Ìgbà tí ẹ bá ti mú ìgbà, ẹ̀ẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà lórí ẹní àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kó pamọ́.

Iṣẹ́ gidi wá dé. Ta ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe nínú ẹbí yín? Mi ò sọ ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ o, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wá ìyá àgbà tó ti là kòkó títí ọwọ́ ẹ̀ fi dúdú, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á da kòkó tútù sí i, tí wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà, tí wọ́n á máa yí i kó lè gbóná dọ́gba, tó sì jẹ́ pé imú ló máa fi mọ̀ pé ó ti tó ó gbé lọ sá. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ ya fídíò ẹ̀, kì í ṣe lórí àga nínú yàrá, lẹ́nu iṣẹ́ ni, kó máa bú ọmọ tó ń là á láìdáa, ìbú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ bi í nípa àwọn lébìrà tó ń wá ṣiṣẹ́ nígbà ìkórè, ibi tí wọ́n ti wá àti ibi tí wọ́n ń sùn sí, orin tí wọ́n ń kọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, tí kòkó bá ti ń pọ́n, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò fi ìyá kankan bú o, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọ inú àpótí bàbá àgbà. Ẹ wá rìsíìtì owó orí, ẹ wá ìwé tí àwọn tó ń ra kòkó máa ń kọ fún un lábẹ́ Marketing Board tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947, tí wọ́n pa rẹ́ ní 1986. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá ẹnì kan nínú yín bá Àgbẹ́kọ̀yà jáde ní 1968 àti 1969, nígbà táwọn àgbẹ̀ ní owó orí ti pọ̀ jù fáwọn. Ìtàn kòkó wa ti pẹ́ gan-an, láti bí 1880 ni J.P.L. Davies, oníṣòwò Èkó kan, ti ní oko kòkó ní Ijọ́n lẹ́yìn Èkó, tí ó wá tàn dé Agége kó tó ya wọ inú ilẹ̀. Àmọ́ ìyẹn wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni lè kà á. Èyí tó wà nínú àpótí bàbá yín ò sí níbòmíì.

Ilé alámọ̀ yẹn, ẹ má kọ́lé búlọ́ọ̀kù rọ́pò ẹ̀ o, ẹ má sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Amọ̀ ń mí, sìmẹ́ǹtì máa há omi mọ́ ọn nínú, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á já lulẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ amọ̀ pò, kó fi amọ̀ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì bójú tó páànù kí òjò má baà gba àárín wọlé. Ní ti ère, tó bá di ọdún kẹwàá tí kòkó ṣì ń so, ẹ kọ̀wé sí mi, a jọ máa sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìbéèrè kékeré ni tèmi. Irú oko ìtàn báyìí, ṣé kò sí ti Yorùbá kankan ní Amẹ́ríkà? Ọmọ mi bi mí, mo ní "ó wà", bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ kó ká irọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. – Bàbá Tẹ́mi, Maryland

ÌDÁHÙN: Bàbá Tẹ́mi, ẹ tètè lọ tún un sọ. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Frontier Culture Museum ní Staunton, Virginia, kò sì jìnnà sí yín lọ títí. Àwọn oko àtijọ́ ní oríṣiríṣi ni wọ́n tò síbẹ̀, ti England, ti Ireland, ti Jámánì, láti fi han ibi táwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí Virginia ti wá, wọ́n tú àwọn ilé àtijọ́ ìlú òyìnbó níbẹ̀ wá, wọ́n sì tún tò ó. Agboolé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ògiri amọ̀, ọgbà, àká. Àmọ́ ti Ígbò ni. Wọn ò ṣojúsàájú o, ìtàn ló fà á: láti etíkun apá ìlà oòrùn wa, Bonny àti Calabar, ni wọ́n ti kó èèyàn púpọ̀ lọ sí Virginia. Tiwa, ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ tí ogun gbalẹ̀ ni wọ́n kó wa jù, nígbà yẹn Cuba àti Brazil ni ọkọ̀ ń forí lé, ìdí nìyẹn tí òrìṣà fi pọ̀ ní Bahia àti Havana ju Virginia lọ.

Ọ̀yọ́túnjí tó wà ní Sheldon ní South Carolina, tí Ọba Adéfúnmi Kìn-ín-ní dá sílẹ̀ ní 1970, ìyẹn kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù oko, ìlú tí àwọn èèyàn ń gbé tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà ni. Ẹ lè mú un lọ síbẹ̀ náà, ẹ kàn máa bọ̀wọ̀ fún ibi tí ẹ bá dé.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí Staunton. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ilé alámọ̀ yẹn hàn án, kí ẹ ní kó fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ tí wọ́n bá gbà, kẹ́ ẹ wá pe ìyá yín lórí fídíò kí ìyá sọ fún un ohun tí wọ́n máa ń pò mọ́ amọ̀ kó tó gan. Ó dá mi lójú pé ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jiyàn, kí ẹ rí i pé fóònù yín ní dátà tó tó.